Ẹ̀yìn Tí Kò Dùn Mí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn: ẹ̀yìn mi ò dùn mí rí. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, ẹ̀yìn ò ro mí lọ́jọ́ kan. Irin ni. Bí mo bá sùn sórí àpáta, màá jí, màá na ara, màá sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yìí ló gbé mi dé ibi tí mo wà lónìí, témi àtọmọ mi ń dá gbé, tí ọkọ mi wà lókèèrè. Tí ẹ bá kà á tán, tó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ bú mi, ẹ bú mi. Èmi náà ti bú ara mi títí, ó ti sú mi.

Sọ́jà ni ọkọ mi. Sájẹ́ǹtì ni gbogbo ayé ń pè é. Irú sọ́jà tí wọ́n máa ń rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè ni, tí wọ́n á ní kó kó ìyàwó àtọmọ dání. Àwọn ẹbí mi nílé rò pé ìgbádùn ni. "Òkè òkun lónìí, òkè òkun lọ́la! Orí ẹ mà dáa o." Bí wọ́n bá wà nídìí ẹ̀ ni, wọn ò ní í sọ bẹ́ẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́, mo ń bá wọn fọ aṣọ. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn afọṣọ ni wọ́n ní ká máa lọ. Ní ìkejì, mo ń bá àwọn ìyàwó ọ̀gá tọ́jú ọmọ. Àwọn ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ mí lójú, wọ́n tún ní ká palẹ̀ mọ́. Kọ́tìnì kan náà ni mo ń gé, tí mo ń tú, tí mo tún ń so pọ̀, nítorí kò sí ilé sọ́jà méjì tí fèrèsé wọn dọ́gba. Ọmọbìnrin wa, tí à ń pè ní Lọ́yà nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí a sọ tí kì í béèrè ẹ̀rí, ti dẹ́kun bíbá ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ mú wọn lọ́rẹ̀ẹ́ sí? Ṣebí a máa tó lọ."

Nígbà tó wá di orílẹ̀-èdè kẹta, mo rí ipò.

Wọ́n fún mi ní yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ń kó aṣọ sọ́jà sí. Tábìlì kan, gílóòbù kan, fèrèsé kan tó kọjú sí pápá tí wọ́n ti ń ṣe pàréèdì, àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, olórí irin, tí mo ń gbé kiri láti ilé. Iṣẹ́ mi ni láti máa rán àmì oyè mọ́ aṣọ àwọn sọ́jà.

Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn o. Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan ga, ọ̀dọ̀ mi ló ń sá wá kó tó délé lọ sọ fún ìyàwó ẹ̀. Ọ̀gá tí ọkọ mi ń kí tí bàtà rẹ̀ ń dún gbì nílẹ̀, ọ̀gá náà ni á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, tí á dúró síwájú mi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ikùn níta, tí á máa bẹ̀ mí.

"Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é kíá. Pàréèdì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ní sùúrù, sà. Abẹ́rẹ́ ò mọ ọ̀gá."

Mo gbádùn ẹ̀. Mi ò ní í purọ́ lórí ìyẹn. Mo ti pa irọ́ tó tó.

Lọ́jọ́ kan, Sájẹ́ǹtì wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkọ mi kì í rẹ́rìn-ín lásán, nítorí náà mo fi ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀.

"Ìyá Lọ́yà, tíránsífà ti dé. A ń lọ."

"Lọ síbo?"

Ó dárúkọ orílẹ̀-èdè mìíràn, tó tún jìnnà jù. Ó ní, "Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbé mi ga. Ọ̀gágun fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo ti ń dúró de èyí láti ìgbà tí Lọ́yà ti wà níkùn."

Mo ní, "A dúpẹ́ o. Ẹ kú oríire." Ẹnu mi ló sọ ọ́. Inú mi ń wo yàrá tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Lọ́yà ní, "Ṣé ilé ìwé mìíràn tún nìyẹn?"

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Ìyàwó Awakọ̀ ń sá aṣọ. Òun ló ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa, bí irun bá já lórí ẹni, á ti gbọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ tíránsífà yìí ti sú mi.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò? Gbogbo ìdílé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tí ara ẹ̀ ò bá dá, wọn kì í gbé e lọ. Ṣé ẹ ò rí ìyàwó akọ̀wé yẹn, tí etí ẹ̀ ń dùn? Wọn ò gbé wọn lọ."

"Wọn ò gbé wọn lọ?"

"Wọn ò gbé wọn lọ."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sílẹ̀. Mo ṣà á, mo gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gbọn ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú mi. Bí mo ṣe ń rán aṣọ lọ́jọ́ náà ni mò ń yan àìsàn bí ẹni ń yan ẹ̀fọ́. Etí? Wọ́n á tan iná wọ̀ ọ́. Ojú? Wọ́n á ní kí n kàwé lára ògiri. Ẹsẹ̀? Wọ́n á rí mi níbi tí mo ti ń rìn. Ẹ̀yìn nìkan ni kò ní ẹlẹ́rìí. Ta ló fẹ́ wọnú ẹ̀ lọ wò? Àti pé télọ̀ ni mí, orí ìjókòó ni mò ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ni kò ní í gbà pé ẹ̀yìn ń dun télọ̀?

Obìnrin tútù kan ni dókítà bárékè wa, tó wọ awò ojú, tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ kan ń sùn nítòsí.

"Ṣé kò síbi tó ń dùn yín, Ìyá Lọ́yà?"

"Ẹ̀yìn ni, Dókítà."

"Ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́. Mo kàn ń mú un mọ́ra ni."

Ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹ ẹ̀yìn ọrùn mi. "Ibí ńkọ́?"

"Díẹ̀díẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀. "Ibí?"

"Yéè!"

"Ibí wá ńkọ́?"

"Yéè! Mo gbé o! Ẹ gbà mí!"

"Ìyá Lọ́yà," ni dókítà sọ, "mi ò tíì fọwọ́ kàn yín níbẹ̀."

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ọwọ́ yín ló kàn mí, Dókítà. Ibi tó le dé nìyẹn."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Mo rò pé ó ti tán. Ńṣe ni obìnrin yìí mí kanlẹ̀, tó fọwọ́ pa mí lórí, tó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an." Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èyí tí mo gbà lọ́jọ́ náà, abo ni, kò sì pẹ́ tó fi bímọ.

Ọmọ àkọ́bí pẹ̀lẹ́ yẹn ni Màdáámù, ìyàwó Ọ̀gágun, ẹni tó jẹ́ pé bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin ló ń pàṣẹ fún àwa obìnrin. Mi ò tíì délé tán tó fi kan ilẹ̀kùn, tòun ti àwọn ìyàwó sọ́jà lẹ́yìn.

"Ẹnikẹ́ni ò ní í ṣàìsàn nínú bárékè mi kó dá a ṣe," ló wí. "Télọ̀, ẹ jókòó. Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ̀bà. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan. A ti pín ara wa."

Lóòótọ́ ni wọ́n ti pín ara wọn. Ẹnì kan ń gbá ilé mi, ẹnì kan ń fọ aṣọ mi, ẹnì kan ń gbé ìrẹsì àtọbẹ̀ wá, ẹlòmíì ń gbé òmíràn wá kí èyí tó tán. Bí mo bá na ọwọ́ sí ife omi, ariwo á sọ: "Háà! Ẹ fi sílẹ̀!" Oore ń pa mí, mi ò sì lè ké.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ síbi iṣẹ́ mi, kí n kàn jókòó jẹ́jẹ́. Màdáámù rẹ́rìn-ín.

"Ibi iṣẹ́ tó bà yín lẹ́yìn jẹ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ti fi ìyàwó tuntun tí sọ́jà tó ń gbé báàgì ọkọ mi fẹ́ yẹn síbẹ̀. Ó ní òun mọ aṣọ rán díẹ̀díẹ̀."

Ẹ bá mi wò ó. Mo purọ́ nítorí kí ẹnikẹ́ni má gba yàrá mi, irọ́ náà ló gba yàrá fún ẹlòmíì. Ìyàwó tuntun tí wọ́n ń wí yìí, ọmọ tí ètè rẹ̀ máa ń pupa láti àárọ̀, kò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìṣó. Ó rán àmì oyè ọ̀gá kan ní ìdorí kodò. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti rí ọ̀gá náà tó ń rìn kọjá, àmì ń dorí kodò lápá ẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu. Ọkùnrin tó máa ń kanra mọ́ mi tí òwú kan bá yọ!

Inú bí mi débi pé, bí gbogbo wọn bá ti lọ, tí mo ti ti ilẹ̀kùn, mo máa ń ti kọ́bọ́ọ̀dù ńlá inú yàrá kúrò lára ògiri, kí n gbá ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn tó ń gbálẹ̀ fún mi kì í dé ibẹ̀. Mi ò lè fojú wo ìdọ̀tí, kódà nínú àìsàn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni irọ́ yìí gbà dùn mọ́ mi, ó sì nira fún mi láti sọ. Ọkọ mi ni. Ọkùnrin yìí kì í bá mi sọ̀rọ̀ tó ju àṣẹ lọ tẹ́lẹ̀: "Bàtà mi dà?" "Ta ló gbé rédíò?" Láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń "dùn mí," ìrọ̀lẹ́ kan ò ní í lọ kí ó má gbé ìpara gbígbóná wá, kó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kó máa fi ọwọ́ líle rẹ̀ wọ́ ẹ̀yìn mi. Bó ṣe ń wọ́ ọ ló ń sọ ìtàn. Ó sọ bí ẹ̀rù ṣe bà á nígbà tó kọ́kọ́ di ìbọn mú. Ó sọ bó ṣe sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí Lọ́yà. Mo ti fẹ́ ẹ láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí.

Lọ́jọ́ kan, ọkàn mi ò gbé e mọ́. Mo ní, "Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín."

Ó ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ṣé o mọ̀ pé mi ò wúlò fún ọ báyìí rí? Gbogbo ibi tí mo kó ọ lọ, ìwọ lò ń gbé wa ró. Ó dùn mọ́ mi pé mo rí ohun kan ṣe fún ọ." Ó tún bu ìpara. "Kí lo fẹ́ sọ?"

"Mo ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí jù."

Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀ bá sọ?

Ìgbà tí èsì dókítà jáde, ọkọ mi wọlé, ó yọ fìlà, ó jókòó láìbọ́ bàtà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

"Wọ́n ní o ò yege. Wọ́n ní ara rẹ ò lè gba òkèèrè."

Mo fọwọ́ bo ojú kó má rí ìdùnnú tó wà níbẹ̀. "Ó mà ṣe o. Ẹ má bínú, Sájẹ́ǹtì. A ó kúkú máa gbé ibí nìyẹn."

"Ibí bíi báwo?"

"Ibí náà. Nínú ilé yìí. Tí wọn ò bá gbé wa lọ, ṣebí a ó dúró."

Ọkọ mi wò mí bíi pé àìsàn náà ti gun orí. "Ìyá Lọ́yà, ṣé ibí kì í ṣe òkèèrè ni?"

Mo yíjú wo kọ́tìnì mi lójú fèrèsé.

Ẹ ò ní í gbà á gbọ́, àmọ́ mo ti gbàgbé. Mo ti mọ ẹni tó ń ta búrẹ́dì, mo ti mọ ajá tó máa ń gbó mi, mo ti gé kọ́tìnì mi bá fèrèsé wọn mu. Mo ti gbàgbé pátápátá pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo wà.

Ó ní, "Ìwọ àti Lọ́yà máa padà sílé. Èmi nìkan ni màá lọ síbi tuntun yẹn. Ọdún mẹ́ta. Òfin ni."

Mo sáré kan ilẹ̀kùn Ìyàwó Awakọ̀. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé wọn ò gbé ìyàwó akọ̀wé lọ!"

"Wọn ò gbé e lọ lóòótọ́. Ilé ni wọ́n dá a padà sí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ìyẹn?"

"Ẹ ò bi mí. Àbí kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Mo di ẹ̀yìn mi mú, mo ké yéè, mo yí padà.

Ó wá di pé kí n tètè gbádùn. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà. Mo ní, "Dókítà, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ̀yìn ti lọ. Mo jí láàárọ̀ yìí, mi ò rí i mọ́." Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹ̀, mo fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀, mo nàró, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Omi lé ròrò sí i lójú. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí irú yín. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n yà yín kúrò lọ́dọ̀ ọkọ yín, lẹ fi ń pa ìrora mọ́ra. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń fún eyín pọ̀."

"Ẹ̀rín ni mò ń rín, Dókítà!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Bó bá jẹ́ pé kò dùn mí láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn. "Ẹ̀yin? Látọjọ́ tí mo ti ń ṣe dókítà sọ́jà, irọ́ pé ara wọn le ni wọ́n máa ń pa fún mi. Kò sẹ́ni tó ń purọ́ àìsàn kí wọ́n lè dá a padà sílé."

Mo gba oògùn sí i, mo lọ sílé. Nígbà tí mo purọ́, ó gbà mí gbọ́ kó tó fọwọ́ kàn mí. Nígbà tí mo sún mọ́ òtítọ́, ó ní ìrora ló ń dà mí láàmú.

Màdáámù ṣètò ìdágbére fún mi ní gbọ̀ngàn bárékè. Àga rọ́bà, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ìrẹsì nínú ìkòkò ńlá. Wọ́n fi ìrọ̀rí méjì sí orí àga mi. Wọ́n di ẹ̀rọ ìránṣọ mi sínú àpótí pákó, sọ́jà méjì ló gbé e wọlé, tí wọ́n ń mí hẹlẹ. Ọ̀gágun wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, ọmọ elétè pupa náà wà níbẹ̀ tó ń sunkún.

Màdáámù sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò rí obìnrin tó ní ìfaradà tó mi. Mo wolẹ̀.

Ọkọ mi wá dìde. Ó dúró ṣánṣán, fìlà lábẹ́ apá.

Ó ní, "Ọ̀gágun, sà, mo fẹ́ sọ ọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn kí n má baà yí i padà. Ìyàwó mi ti tẹ̀ lé mi títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kán. Mi ò lè jẹ́ kó dá lọ sílé, kó máa wá ẹni tó máa bá a gbé omi. Lọ́la, màá kọ̀wé fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Ẹ fi oyè yẹn fún ẹlòmíì. Mo ti sin ìjọba tó. Ó kù kí n sin ìyàwó mi."

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọn. Obìnrin ń sunkún, ọkùnrin ń fọ imú. Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ yọ áńkáṣíìfù.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju oúnjẹ lọ. Oyè tó ti ń dúró dè látìgbà tí Lọ́yà ti wà níkùn, ó fẹ́ jù ú nù nítorí ẹ̀yìn tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ju ìrọ̀rí dànù, mo dìde.

"Ẹ̀yìn mi ò dùn mí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Mo ní kò dùn mí! Kò dùn mí rí!"

"Ẹ ò rí obìnrin bí ọkùnrin!" ni Màdáámù ké. "Kò fẹ́ kí ọkọ òun fi iṣẹ́ sílẹ̀! Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i!" Wọ́n tún pa á.

Kí ni ǹ bá ṣe? Mo lọ síbi àpótí náà, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sí orúnkún, mo gbé e sí àyà, mo gbé e ka orí. Mo wá yí gbọ̀ngàn náà ká.

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀!" ni dókítà ń pariwo. "Ó máa kú! Ẹ dì í mú!"

Sọ́jà mẹ́rin rọ́ lù mí. Ìgbà yẹn ni Lọ́yà gun orí àga rẹ̀.

"Ẹ fi mọ́mì mi sílẹ̀ jàre! Nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn láti gbálẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀. Mo máa ń wò wọ́n láti ihò ilẹ̀kùn. Wọ́n tún máa ń kọrin sí i."

Àtẹ́wọ́ dá.

Ọkọ mi ní, "Ṣé òótọ́ ni?"

Àpótí ṣì wà lórí mi. "Òótọ́ ni."

"Látìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀. Yàrá ìránṣọ yẹn ni mi ò fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí mi."

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo ń fi ìpara wọ́ ọ?"

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó nù wọ́n mọ́ ṣòkòtò, ó dé fìlà. Ó kí Ọ̀gágun, ó sì jáde.

Ọ̀gágun ní òun ò gbọ́ nǹkan kan nípa ìfiṣẹ́sílẹ̀. Dókítà ò wò mí. Màdáámù wo ìkòkò ìrẹsì fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ó ti jinná. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́." Ni wọ́n bá jẹ oúnjẹ ìdágbére mi níwájú mi, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ọkọ mi ò nà mí, kò bú mi. Ìbá ṣe bẹ́ẹ̀, ara ìbá tù mí. Dókítà tún àyẹ̀wò mi ṣe, ó ní òun ò rí ẹ̀yìn tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣeé ṣe kí n tẹ̀ lé e lọ. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì ní kí n ṣì máa lọ sílé ná. "Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀, kí n rí bí ilé ṣe rí. Bó bá ti ṣetán, màá ránṣẹ́ pè yín." Ó pè mí ní "ẹ." Látìgbà tí a ti fẹ́ra, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ó lọ. Wọ́n gbé e ga níbẹ̀. Ẹlòmíì ló rán àmì náà mọ́ ọn lápá.

Èmi ń gbé ilé báyìí, ilé ara mi, tí tíránsífà kankan ò lè lé mi kúrò nínú ẹ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀ ju ti bárékè lọ. Kọ́tìnì mi bá fèrèsé mu gẹ́lẹ́. Lọ́yà ti ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà. Ẹ bá mi yọ̀.

Ọjọ́ Sunday ni ọkọ mi máa ń pè. Mo kọ́kọ́ bi í pé ilé ńkọ́. Ó ní wọ́n ń kùn ún lọ́dà lọ́wọ́, tó bá ti gbẹ, òun á pè wá. Nígbà tó yá, ó ní òjò ò jẹ́ kó gbẹ. Ó tún pẹ́ díẹ̀, ó ní àwọ̀ náà ò wu òun, wọ́n tún un kùn. Ó ní funfun ni. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó di búlúù.

Mo mọ irọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi ló yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Ìgbà míì, bó bá ń sọ ọ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kọ́ ọ, kí n ní, "Má sọ àwọ̀ méjì. Mú ọ̀kan, kó o dì í mú."

Ní Sunday tó kọjá, Lọ́yà jókòó tì mí, ó ń gbọ́. Ọkọ mi ní wọ́n ní ọ̀dà náà ń bó, wọ́n á ha á kúrò kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ bá mi kí àwọn akunlé náà. Ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀ ṣe é."

"Màá sọ fún wọn," ló wí. Ó ní kí n tọ́jú ara mi.

Lọ́yà ò tiẹ̀ dúró kí n gbé fóònù sílẹ̀. "Mọ́mì, ilé wo ni wọ́n ń kùn láti ọdún tó kọjá? Ṣé ẹ gba dádì gbọ́ ni?"

Mo ní, "Mo gbà wọ́n gbọ́."

"Kí ló dé?"

"Nítorí pé wọ́n gbà mí gbọ́," ni mo sọ fún un, mo sì ní kó lọ gbé abẹ́rẹ́ mi wá.